Èwo Ni Kí Ẹ Yàn? Ìfiwéra Àwọn Ẹ̀dá Inú Géèmù Tí Kì Í Kúrò Lọ́kàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń yan géèmù nítorí ẹni tí wọn yóò máa darí: jagunjagun, awakọ̀, agbábọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n bí ọdún méjì bá ti gorí géèmù náà, ẹni tó sábà máa ń kù lọ́kàn ni ẹni tí ìka wa kò darí rí: ìyá tó ń yan páì dè wá nílé, ọ̀rẹ́ tó ń tún ìbọn ọkọ̀ ṣe, ẹranko ńlá tí kì í tètè dáhùn ìpè. Àwọn wọ̀nyí làwọn tó ń gbá géèmù ń pè ní NPC.

Bí a bá kó wọn jọ, tí a fi wọ́n wéra, ohun kan ló ń ya èyí tí a gbàgbé kúrò lára èyí tí a kò gbàgbé, ìyẹn ohun tó gbà lọ́wọ́ wa. NPC tó kàn mọ ọ̀rọ̀ sọ yóò dùn mọ́ni fún wákàtí kan. Èyí tó gba àkókò wa tàbí sùúrù wa, tàbí tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé wa lọ́wọ́, òun ni kì í lọ. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní wo ẹwà ojú wọn níbí. Ohun tí a ó wò ni ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń bèèrè, ohun tó ń fúnni padà, àti ibi tí ènìyàn ti sábà máa ń ṣìnà pẹ̀lú rẹ̀.

A ó tú àṣírí díẹ̀ nínú Undertale, Mass Effect 2 àti Majora's Mask. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí wọn, kó fo apá wọ̀nyẹn.

Àwọn abánirìn: Ashley, Elizabeth, Lydia, Serana

| | Ashley | Elizabeth | Lydia | Serana |
|---|---|---|---|---|
| Géèmù | Resident Evil 4 (2005, àtúnṣe 2023) | BioShock Infinite (2013) | Skyrim (2011) | Dawnguard, àfikún Skyrim (2012) |
| Ṣé ó lè kú lójú ìjà? | Bẹ́ẹ̀ ni | Rárá | Bẹ́ẹ̀ ni | Rárá |
| Kí ló ń ṣe fún yín? | Díẹ̀, ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣọ́ ọ | Ó ń ju ọta ìbọn àti oògùn sí yín | Ó ń gbé ẹrù, ó ń jà | Ó ń fi idán jà, ó ń jí òkú dìde |

Ashley ni ènìyàn fi ń mọ bí ẹrù ẹlòmíràn ṣe ń wúwo tó. Nínú ti 2005, àṣẹ méjì péré ló ń gbọ́: dúró, tàbí tẹ̀ lé mi. Ó ní ìlà ẹ̀mí tirẹ̀, àwọn ọ̀tá sì lè gbé e lé èjìká. Bí wọ́n bá gbé e jáde, ó parí nìyẹn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé yín wọ àárín ìjà. Ẹ ní kó dúró sẹ́yìn yín níbi tí ọ̀nà kan ṣoṣo wọ̀, tàbí kó sá sínú àpótí ìdalẹ̀ níbi tí ọ̀kan bá wà, kí ẹ tó yìnbọn. Nínú àtúnṣe 2023, wọ́n yọ ìlà ẹ̀mí náà kúrò. Bí wọ́n bá lù ú, yóò ṣubú, ẹ ó sì sáré lọ gbé e dìde. Bí wọ́n bá tún lù ú kí ẹ tó dé, géèmù parí. Àṣẹ rẹ̀ náà yí padà: sún mọ́ mi, tàbí fà sẹ́yìn. Ẹni tí sùúrù rẹ̀ kò gùn, ti 2023 ni kó mú.

Ti Elizabeth yàtọ̀ pátápátá, nítorí òun ló ń tọ́jú yín. Bí ọta bá ń tán tàbí tí ẹ̀mí bá ń lọ sílẹ̀, yóò ké sí yín, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì kan, ohun tó jù á sì bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ó ń ṣí àgádágodo, ó ń rí owó nílẹ̀, bí ẹ bá sì ṣubú, òun ló ń gbé yín dìde. Àwọn ọ̀tá kì í kọjú ìjà sí i rárá. Ibi tí èyí kù sí, lójú tiwa, ni pé ẹni tí kò lè farapa kì í mú ọkàn ẹni sáré. Inú ìtàn ni àníyàn nípa Elizabeth ti ń wá. Ti Ashley, inú ìjà gan-an ni.

Lọ́dọ̀ Jarl (olórí) ìlú Whiterun lẹ ti ń gba Lydia, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa dírágónì àkọ́kọ́. Ìṣòro méjì ló ní. Àkọ́kọ́, ó fẹ́ràn kó dúró sí ẹnu ọ̀nà tóóró, kó sì dí i. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ ní kó ṣe nǹkan kan fún yín, kí ẹ tọ́ka sí ibòmíràn, yóò kúrò. Èkejì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀mí rẹ̀ bá fẹ́ tán, yóò kúnlẹ̀, ọ̀tá sì sábà máa ń fi í sílẹ̀, àmọ́ iná tí ẹ̀yin fúnra yín ń dà lè pa á níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo idán oníná tó ń fọ́n káàkiri, kó fi Lydia sílé, kó mú Serana.

Serana kò lè kú, èyí tó yẹ kó sọ ọ́ di Elizabeth kejì. Ohun tó gbà á là ni ìwà rẹ̀ nígbà tí kò sí ìjà. Bí ẹ bá dúró, kì í dúró bí igi. Yóò wá àga jókòó, tàbí kó lọ máa lo irinṣẹ́ tó wà nítòsí. Ìran amùjẹ̀ ni, nítorí náà, bí oòrùn bá ràn, yóò kùn, yóò sì fi ìbòrí bo orí. Ènìyàn gidi ló ń jọ. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè fẹ́ ẹ níyàwó. Lydia ṣeé fẹ́.

Toriel: ẹni tí ẹ lè pa láìfẹ́

Undertale jáde ní 2015, Toby Fox ló ṣe é. Toriel ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe yín lóore níbẹ̀. Ó di ọwọ́ yín mú kọjá láàárín ìdẹkùn, ó pè yín lórí fóònù láti bèèrè irú páì tí ẹ fẹ́ràn, ó sì fún yín ní yàrá. Lẹ́yìn náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹ kò ní jáde, nítorí ó gbà pé ẹ ó kú níta.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, ìdí rẹ̀ sì ṣe kedere. Géèmù mìíràn ti kọ́ wa pé bí a bá lu ọ̀tá títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, yóò gbà. Wọ́n gbìyànjú láti bá Toriel sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè dá ẹ̀mí rẹ̀ sí nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kì í lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé òpin. Bó bá ti dé ibì kan, ìlù kan ṣoṣo tó bá tẹ̀ lé e yóò pa á lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀nà tó tọ́ kò ní idán kankan nínú: ẹ yan Spare (dá a sí), kí ẹ tún un yàn, kí ẹ tún un yàn, ó ju ìgbà 20 lọ. Ìgbà mẹ́wàá àkọ́kọ́ yóò dà bíi pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa: kọ́kọ́ ni ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ni ó bèèrè ohun tí ẹ ń ṣe, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ yín. Ẹ̀mí 20 péré lẹ ní nígbà náà. Bó bá ku 2 tàbí kó dín, iná tó ń jù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lára yín. Kò fẹ́ pa yín. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹnu rẹ̀.

Ẹni tó bá pa á, tó sì padà sí ibi tó fi géèmù pamọ́ sí láti tún un ṣe, yóò bá Flowey, òdòdó kan tó ń sọ̀rọ̀, pàdé lẹ́yìn ìjà, Flowey yóò sì sọ fún un pé òun mọ ohun tó ṣe. Bí Lydia bá kú, ẹ ó padà sẹ́yìn, Skyrim kò ní mọ̀. Undertale kò gbàgbé. Nítorí ìyẹn nìkan, bó bá jẹ́ pé NPC kan ṣoṣo ni àyè wà fún yín láti mọ̀ ní ọdún yìí, Toriel ni a ó ní kí ẹ mú. Ẹ má sì jẹ páì rẹ̀ ní kíákíá. Ó ń dá gbogbo ẹ̀mí padà, bí ẹ bá sì jẹ ẹ́ níwájú Asgore, ọba tí ẹ ó bá jà nígbẹ̀yìn, òórùn páì náà yóò dín agbára ìjà ọba náà kù díẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó rọrùn sí i nínú géèmù kan náà, Papyrus wà níbẹ̀. Kì í pa yín, ṣe ni ó ń mú yín lọ sí àtìmọ́lé, bó bá sì borí yín lẹ́ẹ̀mẹta, yóò jẹ́ kí ẹ fo ìjà náà.

Yorda àti Trico: ìfẹ́ tí kò ní ọ̀rọ̀

Ẹnì kan náà ló darí géèmù méjèèjì, Fumito Ueda: Ico ní 2001, The Last Guardian ní 2016. Èdè Yorda kò yé ọmọkùnrin tí ẹ ń darí, tiyín náà kò yé e. Bọ́tìnnì R1 ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ di ọwọ́ ara yín mú. Ẹ tú u sílẹ̀, ó dá wà. Ewu rẹ̀ ni àwọn òjìji dúdú tó ń jáde láti inú ilẹ̀ láti gbé e lọ. Bí wọ́n bá fà á wọ inú ihò tán, géèmù parí. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ pẹ́ jù láti lọ wá ọ̀nà lókè. Bí wọ́n bá sì ti ń fà á wọlẹ̀, ẹ má dúró bá òjìji jà mọ́. Ẹ sáré sí ẹ̀gbẹ́ ihò náà, kí ẹ tẹ R1, ẹ ó fà á jáde. Láti fi géèmù pamọ́, ẹ ó jọ jókòó lórí àga òkúta kan ni. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò ṣeé ṣe. A kò tíì rí ọ̀nà ìfipamọ́ tó dára ju ìyẹn lọ.

Trico tóbi ju ilé lọ, ó ní ìyẹ́, kì í sì í tètè gbọ́. Nítorí èyí ni àwọn kan fi pa géèmù náà tì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹ gun orí rẹ̀, ẹ kọjú sí ibi tí ẹ fẹ́ kó lọ, ẹ pàṣẹ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró ná. Títẹ bọ́tìnnì léraléra kì í yá a lára. Lẹ́yìn ìjà, ẹ fa ọ̀kọ̀ ara rẹ̀ yọ, ẹ fọwọ́ pa á lára níbi tó ti farapa títí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀. Bó bá kọ̀ láti rìn, ẹ wá àgbá oúnjẹ rẹ̀ tó ń tàn, tàbí kí ẹ wò ó bóyá gíláàsì tí wọ́n ya ojú sí ló wà níwájú. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Ẹ̀yin lẹ ó mú un kúrò lọ́nà.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí yóò parí láàárín ọjọ́ mélòó kan, Yorda ni. Ẹni tó bá ti tọ́ ẹran rí, tó mọ̀ pé a kì í fi igbe kọ́ ẹran, Trico ni yóò gbádùn.

Àwọn aládùúgbò: Linus àti Shane, tàbí àwọn ará erékùṣù

Stardew Valley (2016) ń ṣírò ọ̀rẹ́ ní ààmì ọkàn. Máàkì 250 ni ọkàn kan, nítorí náà ọkàn mẹ́wàá jẹ́ 2,500. Ẹ̀bùn méjì lẹ lè fún ẹnì kan lọ́sẹ̀. Èyí tó fẹ́ràn gan-an jẹ́ 80, èyí tó wù ú 45, èyí tó kórìíra ń yọ 40 kúrò. Ìkíni ojoojúmọ́ jẹ́ 20. Bí ẹ bá ṣe gbogbo rẹ̀ láìyẹ̀, nǹkan bí 300 ni lọ́sẹ̀, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó lé díẹ̀, ó fi díẹ̀ ju àsìkò méjì lọ nínú mẹ́rin tí ọdún ibẹ̀ ní. Ọjọ́ ìbí ló ń gé e kúrú: ẹ̀bùn ọjọ́ náà di ìlọ́po mẹ́jọ, ìyẹn ni pé ẹ̀bùn tó fẹ́ràn jù di 640. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn máa pín ẹ̀bùn fún gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni mẹ́ta ló tó láti bẹ̀rẹ̀.

Linus ń gbé inú àgọ́ níhà àríwá ìlú. Ọjọ́ 3 ìgbà òtútù ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ fi iṣu kan pamọ́ dè é, nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ohun tí ẹ bá ṣà nínú igbó náà wù ú, nítorí náà kò ná yín lówó. Bí àwọn ará ìlú bá rí yín tí ẹ ń tú ààtàn, máàkì 25 ló ń lọ lọ́dọ̀ olúkúlùkù. Linus nìkan ni kì í dá yín lẹ́bi. Nínú ìṣirò tó kéré báyẹn ni gbogbo ìwà rẹ̀ wà.

Shane le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kòbákùngbé ni yóò máa sọ sí yín ní oṣù àkọ́kọ́. Ọtí ń ṣe é ní jàǹbá, ọkàn rẹ̀ sì wúwo. Bí ẹ bá dé ọkàn mẹ́fà, ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà nínú igbó ní ọjọ́ òjò tó yẹ kí ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá kan òun fúnra rẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó wọlé. Géèmù náà ka bíà sí ẹ̀bùn tó fẹ́ràn jù. Ẹ kò nílò rẹ̀. Ata gbígbóná àti pizza wà ní ipò kan náà, ata yẹn sì rọrùn láti gbìn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: ọjọ́ márùn-ún ló ń gbà kó tó so, lẹ́yìn náà ó ń so lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta.

Animal Crossing: New Horizons (2020) kò bèèrè tó bẹ́ẹ̀. Ènìyàn mẹ́wàá ni erékùṣù yín lè gbà, oríṣi ìwà mẹ́jọ ló sì wà láàárín gbogbo wọn. Àwọn tó bá jọ ní ìwà kan náà ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Bí ẹ bá kó ọ̀lẹ mẹ́ta jọ nítorí pé ojú wọn rẹwà, ó máa sú yín láàárín oṣù kan. Ẹ mú ó kéré tán ẹnì kan nínú ìwà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi àyè méjì tó kù ṣe ìfẹ́ ọkàn yín. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ yóò kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ẹ lè ní kó má lọ. Ó tu ara, àmọ́ kò sí Shane kankan níbẹ̀.

Garrus àti Mordin: ọ̀rẹ́ tí ìmúrasílẹ̀ yín ń gbà là

Garrus ti wà láti apá kìíní Mass Effect (2007), Mordin dé ní apá kejì (2010). Garrus ni ọ̀rẹ́ tí kì í pariwo: ẹ lọ bá a, ó ní òun ń tún ìbọn ọkọ̀ ṣe, ẹ tún padà wá lẹ́yìn iṣẹ́ mìíràn. Mordin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yára bí òjò, ó ń kọrin, ó sì ru ẹ̀bi ohun ńlá kan tó fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe sí ìran mìíràn. Bí a bá ní ká yan ọ̀rọ̀ ẹnu, Mordin ló borí. Ṣùgbọ́n òun náà ló rọrùn jù láti pàdánù nínú ìrìn àjò ìkẹyìn apá kejì, nítorí náà ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ ra ohun mẹ́ta fún ọkọ̀: awọ irin tí Jacob dábàá, ìdáàbòbò tí Tali dábàá, àti ìbọn Thanix tí Garrus dábàá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tí kò bá sí yóò pa ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kí ẹ tó balẹ̀. Ẹ ṣe iṣẹ́ ìdúróṣinṣin olúkúlùkù. Lẹ́yìn rẹ̀, Miranda àti Jack yóò jà, Tali àti Legion náà yóò jà. Bí ìwà tí ẹ ti ń hù kò bá tó láti là wọ́n, ẹ ó pàdánù ìdúróṣinṣin ẹnì kan. Bí wọ́n bá sì ti jí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ gbé, ẹ má ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́, ẹ lọ tààrà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò kú.

Níbẹ̀, ẹni tí yóò wọ ihò afẹ́fẹ́ ni Tali, Legion tàbí Kasumi. Olórí ìkọ̀ kejì ni Garrus, Miranda tàbí Jacob, lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹni tí yóò fi agbára bo yín ni Jack tàbí Samara; Miranda yóò ní òun lè ṣe é, ẹ má gbà. Ibi tí Mordin ti ń kú ni ìgbà tí ẹ bá fi í sílẹ̀ láti di ẹnu ọ̀nà mú. Géèmù ń ṣírò agbára gbogbo àwọn tó kù níbẹ̀, ó ń pín in, bí kò bá tó, òun ni àkọ́kọ́ tó ń lọ. Ẹ fi í sin àwọn òṣìṣẹ́ padà sí ọkọ̀. Ẹ fi Grunt àti Zaeed sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn wọ̀nyẹn lágbára. Garrus náà lágbára níbẹ̀, nítorí náà fífi í sílẹ̀ dára ju mímú un lọ bá yín ja ìjà ìkẹyìn, bó tiẹ̀ wù yín tó kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Àpótí kan

Ẹni tí kò ní ju wákàtí mélòó kan lọ, kó gbá Portal (2007). Ní yàrá 17, wọ́n á fún un ní àpótí onírin tó ní àwòrán ọkàn lára. Kì í sọ̀rọ̀, kì í rìn. Yóò gbé e kiri, yóò fi ṣe àkàsọ̀, yóò fi dí àwọn bọ́ọ̀lù iná tó ń fò bọ̀, lẹ́yìn náà GLaDOS, ẹ̀rọ tó ń darí ibẹ̀, yóò ní kó jó o níná kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Kò sí ọ̀nà mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má fi wákàtí kan wá a.

Gabbro, tàbí Anju àti Kafei

Àkókò tó ń yí padà sẹ́yìn ni ti àwọn wọ̀nyí. Nínú Outer Wilds (2019), oòrùn ń bú gbàmù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 22, gbogbo nǹkan sì ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹnì kan ṣoṣo ló rántí bíi tiyín: Gabbro, tó sùn sórí ibùsùn olókùn ní pílánẹ́ẹ̀tì Giant's Deep, tó ń fun fèrè. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn yín wá ohùn fèrè náà. Bí ẹ bá ń padà lọ kí i ní ìyípo mìíràn, yóò kọ́ yín ní àṣàrò, èyí tó jẹ́ kí ẹ lè parí ìyípo kan kí ìṣẹ́jú 22 tó pé. Ìtùnú pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí kò sí ìkánjú kankan lára rẹ̀.

Anju àti Kafei, nínú Majora's Mask (2000), kò rántí ohunkóhun. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí òṣùpá já lulẹ̀, Kafei, ọkọ àfẹ́sọ́nà Anju, sì ti sọnù. Iṣẹ́ náà gba gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹ bá Anju nílé ìdáná ilé ìtura ní òru ọjọ́ kìíní, ẹ gba lẹ́tà rẹ̀, ẹ fi sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán; ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ dúró ní Laundry Pool títí Kafei yóò fi jáde gba lẹ́tà náà, ẹ wọlé tọ̀ ọ́, ẹ gba ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ lọ fún Anju; ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ẹ wà ní ibùba olè kan tó ń jẹ́ Sakon ní Ikana kí agogo mẹ́fà tó lù. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sọ́dọ̀ Anju, ẹ dúró tì í. Kafei kì í dé títí yóò fi ku nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀.

Ohun kan ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní òru ọjọ́ kìíní, Sakon ń ja ìyá àgbà kan lólè. Bí ẹ bá gbà á là, bí ọkàn rere yóò ṣe fẹ́ kí ẹ ṣe, Sakon kò ní rí ọjà tà, Kafei kò ní rí ipasẹ̀ rẹ̀, ìpàdé náà kò ní ṣẹlẹ̀. Ẹ ó jẹ́ kí wọ́n ja ìyá náà lólè kí tọkọtaya yìí lè fojú kan ara wọn. Bí ẹ bá sì ti lu orin tó ń dá àkókò padà, Anju tún ti wà nídìí tábìlì ilé ìtura, ó tún ń bèèrè Kafei lọ́wọ́ àlejò. Ìbòjú tọkọtaya tí wọ́n fún yín ṣì wà nínú àpò yín.